Ìparadà àti Òfin Rẹ̀: Ohun Tí Ó Ń Ṣẹlẹ̀ Nígbà Tí Agbára Bá Pàdé Agbára

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí jẹ́ èyí tí gbogbo wa ti ń gbọ́ láti ìgbà èwe wa, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà jókòó tì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ ìtàn. Ọ̀rọ̀ ìparadà ni. Ènìyàn di ẹranko, ẹranko di ènìyàn, ọdẹ di igi, obìnrin di odò. Àgbà kọ́ ni ó mú kí n tún ọ̀rọ̀ náà rò, àwọn ọ̀dọ́ ni. Olùkọ́ kan ní Ìkòtún ni ó sọ fún mi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun kan máa ń péjọ yí tábìlì ká ní ọjọ́ ìsinmi láti ṣe eré kan tí ó ti òkè òkun wá. Nínú eré náà, oníṣègùn lè di ẹyẹ, jagunjagun lè di ìkookò. Ní ọjọ́ kan, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn, wọ́n sì gbé e tọ olùkọ́ wọn lọ. Ìbéèrè wọn ni èyí: bí ẹnì kan bá pa ara dà di ẹyẹ, tí agbára mìíràn sì kọlù ú nígbà tí ó ṣì wà ní ẹyẹ, ta ni agbára náà bá? Ẹyẹ ni tàbí ènìyàn?

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú yín rẹ́rìn-ín sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo gbà pé ìbéèrè náà ti wà ní ilẹ̀ wa tipẹ́tipẹ́, pé àwọn baba ńlá wa ti fún un ní ìdáhùn, àti pé ìdáhùn wọn ní òfin nínú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, mo fẹ́ fi hàn yín pé wọ́n mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìtàn, idán àti ẹ̀rí. Ẹ̀mí ènìyàn lè wà lórí ìyàtọ̀ yẹn, bí ẹ ó ti rí i kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo eré àwọn ọ̀dọ́ náà. Ní ọdún 1974 ni àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, gbé eré kan jáde tí wọ́n pè ní Dungeons & Dragons. Ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta ni eré náà kọ́kọ́ jẹ́. Kò dà bí ayò tàbí lúdò tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ní ọpọ́n tàbí pátákó rẹ̀ kí ó tó lè ta á. Àwọn òṣèré a jókòó, olúkúlùkù a sì gbé ìwà ẹnì kan wọ̀: ọ̀kan a di jagunjagun, òmíràn a di oníṣègùn, òmíràn a di olè. Ẹnì kan ni olùdarí wọn. Òun ni ó ń pa ìtàn náà, òun náà ni ó sì ń dá ẹjọ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rú wọn lójú, wọn a da dáìsì. Èyí tí ó lókìkí jù nínú dáìsì wọn ní ojú ogún.

Nínú ìwé ọdún 1974 yẹn, oríṣi ìparadà méjì ni ó gba àfiyèsí. Nínú ti àkọ́kọ́, oníṣègùn ń pa ara òun fúnra rẹ̀ dà. Bí ó bá di dírágónì, ẹranko abìyẹ́ inú ìtàn àwọn òyìnbó tí í máa ń tu iná lẹ́nu, yóò lè fò, ṣùgbọ́n kò ní lè jà bí dírágónì, kò sì ní lè tu iná. Nínú ti èkejì, ó ń pa ẹlòmíràn dà. Ẹni náà yóò gba gbogbo agbára ohun tí ó dà, ṣùgbọ́n kò di dandan kí ó gba ọgbọ́n inú rẹ̀, kò sì ní padà sí ipò rẹ̀ títí agbára mìíràn yóò fi tú u sílẹ̀. Ní ìtẹ̀jáde ti ọdún 2014, àwọn tí ó ṣe eré náà tún gbé òfin kalẹ̀ lórí ọgbẹ́. Bí oníṣègùn igbó bá di ẹranko, ẹranko náà ni yóò máa jẹ ìyà tí ọ̀tá bá fi jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìyà náà bá ju èyí tí ẹranko lè gbà lọ, oníṣègùn yóò padà di ènìyàn, ìyókù ìyà náà yóò sì bá a wọ inú ara rẹ̀. Ní ti aṣọ àti ẹrù, òun ni yóò yàn bóyá wọn yóò jábọ́ sílẹ̀, tàbí wọn yóò wọ inú ara tuntun náà lọ, tàbí ara tuntun náà ni yóò gbé wọn wọ̀.

Bí a bá ṣa àwọn òfin wọ̀nyí jọ, a ó rí i pé ìbéèrè mẹ́rin ni wọ́n ń dáhùn. Kí ni ó yí padà, kí ni kò sì yí? Ọgbẹ́ tí ó bá ara kan, ṣé ó ń bá èkejì? Níbo ni aṣọ àti ẹrù ń gbé? Ta ni ó lè tú ìparadà náà, kí sì ni ó fi ń tú u? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ìbéèrè mẹ́rin yìí dání, nítorí a ó padà sí wọn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á padà sí ilé. Ilẹ̀ tí a ń pè ní Alímọ̀ṣọ́ lónìí, láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò, ilẹ̀ Awórì ni. Ìtàn ìwáṣẹ̀ sọ pé Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre tẹ̀lé awo kan tí ó léfòó lórí omi, ó ń bá a lọ títí awo náà fi rì ní Ìṣẹ̀rì. Láti inú ‘awo rì’ ni a ti ní Awórì. Ìṣẹ̀rì Ọlọ́fin ṣì wà ní Alímọ̀ṣọ́ títí di òní. Ẹ sì kíyè sí orúkọ baba náà: Ògún, òrìṣà ọdẹ àti ti alágbẹ̀dẹ, ni ó fún un ní ire. Ìlú àwọn tí ó mọ igbó ni ibẹ̀ ní ìgbà náà. Ní ọdún 2006, ètò ìkànìyàn ka 1,277,714 ènìyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Igbó ti di ilé, ọ̀nà ọdẹ ti di títì, ṣùgbọ́n ìtàn tí a jogún láti ọ̀dọ̀ ọdẹ kò bá igbó lọ. Ó ń gbé láàárín èrò, ibẹ̀ gan-an ni ó sì ti lè di ewu.

Kí ni àwọn ọdẹ sọ nípa ìparadà? Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ni ti obìnrin ẹfọ̀n, èyí tí a so mọ́ Ọya. Ọdẹ kan lúgọ sórí igi, ó rí i tí ẹfọ̀n kan bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀, tí ó fi í pamọ́ sínú òkìtì ọ̀gán, tí ó sì di arẹwà obìnrin tí ó ń lọ sí ọjà. Ọdẹ náà jí awọ gbé, ó gbé e sórí àjà nílé rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà padà dé, kò rí ohun tí yóò gbé wọ̀, ó sì gbà láti fẹ́ ọdẹ, lórí àdéhùn pé kò gbọdọ̀ sọ àṣírí òun fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n bí ọmọ. Nígbà tí ó ṣe, ọtí pa ọdẹ, ó tú àṣírí náà fún ìyàálé, ìyàálé sì fi bú obìnrin náà ní ọjọ́ ìjà. Obìnrin náà gun àjà, ó rí awọ rẹ̀, ó gbé e wọ̀, ó di ẹfọ̀n, ó jà, ó sì wọ igbó lọ. Ìwo rẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ láti máa fi pè é.

Ẹ wo bí ìtàn náà ti to agbára lé ara wọn. Inú awọ ni agbára ìparadà ń gbé, nítorí náà ẹni tí ó bá mú awọ ti dí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú awọ kò pa agbára náà. Ó kàn tì í mọ́lé ni. Ohun tí ó sì mú kí obìnrin náà jókòó sí ilé ọkọ ni àdéhùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu ba àdéhùn jẹ́, awọ tí ó wà lórí àjà tún gba agbára rẹ̀ padà. Bí a bá ní kí á to wọ́n ní ipò, àdéhùn ni ó wà lókè, awọ tẹ̀lé e, ìbọn ọdẹ ni ó gbẹ̀yìn. Kò sí ibi kankan nínú ìtàn náà tí ìbọn ti yanjú ohunkóhun.

Ní ti ọgbẹ́, ẹ rántí ìwé D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1938. Baba Àkàrà-oògùn jẹ́ ọdẹ. Ó yìnbọn lu ẹran kan, ẹran náà sì jẹ́ ìyá Àkàrà-oògùn tí ó pa ara dà. Ọgbẹ́ tí ó bá a nínú awọ ẹran bá a dé ilé, ó sì kú. Ìdáhùn Fágúnwà sí ìbéèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìkòtún nìyẹn, kò sì fi iyèméjì kankan sí i: ohun tí ó bá ẹran bá ènìyàn. Awọ lè yí padà, ẹ̀jẹ̀ kì í yí. Eré àwọn òyìnbó fún aláwọ̀ ẹran ní àyè díẹ̀ kí ìyà tó kàn án. Ìtàn tiwa kò fún un ní àyè rárá.

Ìtàn kẹta ni a ń pa ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà. Ẹranko kan di omidan, ó wá fẹ́ ọdẹ tí ó ti pa àwọn ará rẹ̀ run, ó sì ń bi í léèrè ní òru pé kí ni ó máa ń dà nígbà tí ewu bá dé. Ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka á: mo lè di igi, mo lè di òkìtì, mo lè di omi. Bí ó ti fẹ́ dárúkọ èyí tí ó kẹ́yìn ni ìyá rẹ̀ ké mọ́ ọn láti inú yàrá kejì pé kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Nígbà tí àwọn ẹranko ká ọdẹ náà mọ́ inú igbó, gbogbo ohun tí ó ti dárúkọ ni omidan náà ti mọ̀ tí ó sì fi hàn wọ́n. Èyí tí kò dárúkọ ni ó gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Òfin tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìmọ̀ a máa tú ìparadà. Ẹni tí ó bá ti mọ ohun tí o lè dà ti borí rẹ ní ìdajì.

Amos Tutuola náà kò gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹrù. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1952, èyí tí ó dá lórí ọ̀mu ẹmu, ọkùnrin náà sọ ìyàwó rẹ̀ di ọmọláńgidi, ó sì fi í sínú àpò rìn. Ní ìgbà mìíràn, òun fúnra rẹ̀ di ọkọ̀ ojú omi, ìyàwó rẹ̀ ń fi í gbé èrò sọdá odò, wọ́n ń gba owó. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó padà di ènìyàn. Ó di igi lóde, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ kò di igi. Èdè wa pàápàá jẹ́rìí sí i. ‘Pa ara dà’ ni a ń wí. Ara ni ọ̀rọ̀ náà dárúkọ. Bí a bá fẹ́ sọ pé ohun kan dé bá inú ènìyàn tàbí ìpín rẹ̀, a ní láti wá ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ní àárín ètò ìṣáájú, atọ́kùn wa bi mí léèrè pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí oògùn méjì bá pàdé. Ìbéèrè tí ó dára ni. Nínú ìgbàgbọ́ àwọn àgbà, ìparadà kò dá wà. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: àfẹ́ẹ̀rí tí í mú ènìyàn pòórá lójú ọ̀tá, egbé tí í gbé ènìyàn kúrò níbi ewu, ayẹta fún ọta ìbọn, okígbẹ́ fún ọ̀bẹ àti àdá. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní èèwọ̀ tirẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ẹ̀rọ̀. Òmíràn kò gbọdọ̀ kan omi, òmíràn kò gbọdọ̀ kan obìnrin, òmíràn kò gbọdọ̀ gba ilẹ̀ kan kọjá. Nítorí náà, nígbà tí àwọn àgbà bá gbọ́ pé ẹnì kan ní oògùn líle, wọn kì í kọ́kọ́ béèrè bí ó ti le tó. Wọn a béèrè pé: kí ni èèwọ̀ rẹ̀? Nínú èrò wọn, agbára tí kò ní ààlà kò sí. Àwọn tí ó kọ òfin eré orí tábìlì náà rí i pé bí wọn kò bá fi ààlà sí ìparadà, eré yóò bàjẹ́. Àwọn àgbà wa ti mọ̀ pé bí a kò bá fi ààlà sí i, ìlú ni yóò bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìlú ni ó wá gbé mi dé inú ìtàn gidi. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí ó parí ní ọdún 1897 tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, sọ nípa Aláàfin Abípa. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ti sá kúrò ní olú-ìlú wọn àtijọ́, wọ́n ń gbé ní Ìgbòho, Abípa sì fẹ́ kó wọn padà. Inú àwọn ìjòyè kò dùn sí i, nítorí wọ́n ti fìdí múlẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Wọ́n bá dá ọgbọ́n kan. Wọ́n kó àwọn abuké, àwọn àfín, àwọn arọ àti irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ sí ahoro ìlú náà ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa rìn káàkiri ní òru pẹ̀lú iná, kí wọ́n máa pariwo, kí àwọn ìránṣẹ́ ọba lè gbà pé iwin ti gba ibẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ rí wọn, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sá padà wá ròyìn.

Kí ni Abípa ṣe? Kò kó ìrìn àjò rẹ̀ tì lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fi àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Ó rán àwọn ọdẹ. Àwọn tí wọ́n mọ igbó, tí wọ́n mọ ẹranko, tí wọ́n sì mọ ìtàn ìparadà ju ẹnikẹ́ni lọ, ni ó ní kí wọ́n lọ wo ohun tí ó wà níbẹ̀. Àwọn ọdẹ lọ, wọ́n ká àwọn iwin náà mọ́, wọ́n rí i pé ènìyàn ni wọ́n, wọ́n sì mú wọn wá fún ọba. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe Abípa ní Ọba Mọ̀rọ̀, ọba tí ó mú ọ̀rọ̀. Bí kò bá rán ẹnikẹ́ni lọ wò, ìbẹ̀rù lásán ni ìbá gba olú-ìlú lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé àwọn tí wọ́n fi ṣe iwin náà: àwọn tí ara wọn yàtọ̀ ni, àwọn tí ojú ayé ti ń fi ìfura wò tẹ́lẹ̀. Àwọn alágbára fi ara wọn ṣe ìbòjú, wọn kò sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì ti Yunifásítì Ìbàdàn so ìṣẹ̀lẹ̀ náà mọ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀ eré eégún alárìnjó. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti yí. Ohun tí wọ́n fi dẹ́rù bà ìlú di ohun tí wọ́n fi ń dá ìlú lára yá. Ní ọjọ́ 22 oṣù Fẹ́búárì ọdún 1826, Hugh Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, wo irú eré bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ó sì ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Ìran mẹ́ta ni. Ní ìran kìn-ín-ní, àwọn ènìyàn jó nínú àpò, wọ́n ń tàkìtì. Ní ìran kejì, òjòlá ńlá kan jáde láti inú àpò, ó ń la ẹnu sí ẹni tí ó ń darí rẹ̀. Clapperton rí i pé aṣọ tí a kùn bí awọ òjòlá ni, síbẹ̀ ó yìn bí ó ti ń rìn. Ní ìran kẹta, òyìnbó kan yọ: ó funfun, ó rù, òtútù ń mú un, ó ń fín áṣáà, ó ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ rí. Àwọn ará Ọ̀yọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yí sí àwọn àlejò wọn láti bèèrè bí eré náà ti rí.

Èyí ni mo pè ní idán. Àwọn apidán di ẹkùn, wọ́n di ọ̀nì, wọ́n di ọ̀bọ, wọ́n di ìyàwó tuntun, wọ́n sì di òyìnbó. Awo ń pa awo mọ́, èmi kò sì ní tú ohun tí kò yẹ kí n tú lórí afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó jókòó sí ojú agbo mọ̀ pé eré ni òun ń wò, ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó sì ń yìn. Àwọn ọ̀jẹ̀ tún ní ìtàn tiwọn nípa òṣèré tí ó di ọ̀nì tàbí òjòlá lójú agbo, tí orogún rẹ̀ nínú eré sì fi oògùn dè é tí kò lè padà. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ń fi ìtàn náà kọ́ àwọn ọmọ wọn: má gbójú lé ohun tí o lè dà, bí o kò bá tíì mọ ohun tí yóò dá ọ padà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá sí ìgbà tiwa. Ní oṣù Jánúárì ọdún 2009, ní ìpínlẹ̀ Kwara, àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò kan mú ewúrẹ́ kan wá sí ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Àlàyé wọn ni pé àwọn lé ọkùnrin méjì tí wọ́n fẹ́ jí ọkọ̀ Mazda kan gbé; ọ̀kan sá lọ, èkejì fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì di ewúrẹ́. Àwọn ọlọ́pàá gba ewúrẹ́ náà sí ìpamọ́, àwọn èrò ń wá wò ó, ìròyìn rẹ̀ sì tàn dé òkè òkun. Agbẹnusọ àwọn ọlọ́pàá sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọ̀nà ìmọ̀ ìjìnlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní òkè òkun fi wá rẹ́rìn-ín. Èmi kò fẹ́ kí a rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ kí a ṣe ìwádìí. Ẹ jẹ́ kí á mú ìbéèrè mẹ́rin wa jáde. Bí ọkùnrin náà bá di ewúrẹ́, níbo ni aṣọ rẹ̀ àti bàtà rẹ̀ wà? Bí wọ́n bá ti nà án kí ó tó yí padà, ọgbẹ́ rẹ̀ dà lára ewúrẹ́? Ta ni wọ́n pè láti tú u, èèwọ̀ wo ni wọ́n sì fi dán an wò? Ta ni ó rí i gan-an ní ìṣẹ́jú tí ó yí padà, àbí wọ́n kàn dé ìdí ògiri tí wọ́n sì bá ewúrẹ́ níbẹ̀? Ẹ ó rí i pé a kò tíì ya ìmọ̀ òyìnbó lò rárá. Òfin àwọn ọdẹ nìkan ni a lò, ẹjọ́ náà kò sì dúró níwájú rẹ̀. Ohun tí ó dájú ni pé kò sí olè kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ewúrẹ́ sì wà ní àtìmọ́lé.

Ewúrẹ́ ni ti Kwara. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wò ó pé ẹyẹ kan já sí ààrin ọjà Ìkòtún ní ọjọ́ tí èrò pọ̀, tí arúgbó obìnrin kan tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá kígbe pé ẹyẹ náà ni ó di ìyá yìí, ta ni yóò béèrè ìbéèrè mẹ́rin? Òkúta yóò ti dé kí ìbéèrè tó dé. Òfin orílẹ̀-èdè wa kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abala 210 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn àpapọ̀ sọ pé ẹni tí ó bá pe ara rẹ̀ ní àjẹ́ àti ẹni tí ó bá fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn, àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀, wọ́n sì lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Òfin náà kò dúró ṣe àríyànjiyàn bóyá ìparadà wà tàbí kò sí. Ó mọ̀ pé ẹ̀sùn nìkan tó láti pa ènìyàn.

Àwọn kan yóò wí pé kí á kúkú ka ìtàn ìparadà léèwọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, kí á lè gbà wá lọ́wọ́ irú èyí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn obìnrin ẹfọ̀n kò mọ̀ pé ìparadà ní òfin. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ó ní òfin, kò sí ohun tí kò ní gbà gbọ́. Àwọn tí wọ́n gbé ewúrẹ́ lọ bá ọlọ́pàá kò mọ ìtàn wa jù. Wọn kò mọ̀ ọ́n tó ni. Ọdẹ tí Abípa rán ni ó mọ̀ ọ́n tó, ìdí sì nìyẹn tí iwin kò fi lè tàn án.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín bá gbé àríyànjiyàn eré wọn tọ̀ yín wá, ẹ má lé wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìbéèrè mẹ́rin náà sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n dáhùn wọn lẹ́ẹ̀kan nínú òfin eré wọn, lẹ́ẹ̀kan nínú ìtàn ọdẹ, lẹ́ẹ̀kan nínú idán alárìnjó. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá gbé ewúrẹ́ Kwara ka iwájú wọn, kí ẹ sì dákẹ́. Nínú eré, olùdarí ni ó ń sọ ohun tí ó jẹ́ òtítọ́. Nínú ìtàn, apàtàn ni. Lójú agbo, ọ̀jẹ̀ ni. Ní àdúgbò wa, ẹ̀rí nìkan ni ó ní àṣẹ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ gba ipò ẹ̀rí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rán ọdẹ lọ wò.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí irọ́ ti pa ní ọjọ́ kìn-ín-ní kò ní ogún ọdún láti fi dúró de òtítọ́. Ẹ jẹ́ kí òtítọ́ yá ẹsẹ̀ díẹ̀ láàárín wa. Ó dàárọ̀ o.